Ẹ Ka Ìwé Àwọn Ará Òkè Ọya Tí Ẹ Ń Bá Gbé

Àwa Yorùbá tá a wà ní Àbújá mọ bí wọ́n ṣe ń fi Haúsá nájà, a sì mọ ibi tí súyà ti dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé yàrá wa, Fágúnwà àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá lẹ ó bá lórí pẹpẹ. Kò burú, èmi náà ò lè gbé láìsí wọn. Ohun tí kò yé mi ni ẹni tó ti bímọ, tó tọ́mọ, tó kọ́lé sí Òkè Ọya, tí kò lè dárúkọ òǹkọ̀wé Haúsá kan ṣoṣo.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun ní Kubwa ni ojú mi ti là. Ìwé pẹlẹbẹ kan, tí àwòrán ọmọge wà lẹ́yìn rẹ̀, ni àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹnì kan á máa kà á sókè, àwọn tó ń dirun á máa pòṣé, wọ́n á máa ṣépè fún ọkọ inú ìtàn. Ibi tó bá ti gbóná jù ni ìwé náà á parí sí, àfi kéèyàn lọ ra apá kejì. Littattafan soyayya ni wọ́n ń pè é, ìwé ìfẹ́. Kánò ni ojúkò rẹ̀, obìnrin ló sì ń kọ púpọ̀ nínú wọn.

Ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn ni Balaraba Ramat Yakubu, àbúrò Ọ̀gágun Murtala Mohammed. Àní wọ́n ti fún un lọ́kọ nígbà tó ṣì kéré gan-an, ó mọ ohun tó ń kọ. Nínú Alhaki Kuykuyo Ne, tó jáde ní 1990, ọkọ lé ìyálé pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án jáde nítorí aṣẹ́wó tó fẹ́ sílé. Oúnjẹ títà ni ìyálé fi gbọ́ bùkátà wọn. Aliyu Kamal tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà sì tẹ̀ ẹ́ ní 2012. Íńdíà mọ̀ ọ́n, àwa tá a jọ ń wọ kẹ̀kẹ́ kan náà kò mọ̀ ọ́n!

Ẹni tí Haúsá rẹ̀ bá ti kọjá ti ọjà, kó wá Magana Jari Ce ti Abubakar Imam, níbi tí odíderẹ́ ti ń pàtàn fún ọmọ ọba kó má baà jáde nílé. Ìdíje ìwé kíkọ ti 1933 ló bí ìwé rẹ̀ míì, Ruwan Bagaja, bí ìdíje 1936 ṣe bí Ògbójú Ọdẹ fún wa.

Season of Crimson Blossoms ti Abubakar Adam Ibrahim, tó gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ ti iléeṣẹ́ NLNG ní 2016, ni mo yá ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Opó tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló kó sínú ìfẹ́ ọmọkùnrin onígbó. Ẹ̀gbọ́n dá a padà kíá: "Irú ìwé wo lo kó fún mi yìí?" Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí, wọ́n ní ṣé mo ṣì ní in, pé àwọn kàn fẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ náà já sí ni o.