Ọ̀lẹ kẹ̀?

"Ọ̀lẹ ni ẹyẹ yẹn. Eku ló mọṣẹ́." Láàárọ̀ ni mo gbọ́ ọ létí omi, títí di báyìí kò kúrò lọ́kàn mi. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án, ó dá.

Àkọ̀ aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń bú. Ó dúró, omi dé orókun rẹ̀. Rárá, orókun kọ́. Oríkèé tó ń ṣẹ́ sẹ́yìn yẹn, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orókun gan-an wà lókè, ìyẹ́ bò ó. Ojú tá a fi ń wò ó ti ṣì ná, ká tó wá sọ pé ó ya ọ̀lẹ.

Ìdúró yẹn gan-an ni iṣẹ́. Bí omi bá mì, ẹja á sá. Omi a sì máa tan ojú jẹ: ẹja jìn sísàlẹ̀ ju ibi tó ti ń hàn lọ, àkọ̀ gbọ́dọ̀ fojú wọn ìyẹn kó tó sọ ẹnu sí i. Eegun ọrùn rẹ̀ tó bí 20. Ìkẹfà gùn lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni ọrùn ti ká bíi lẹ́tà S, tó bá sì tú u sílẹ̀, bí ìgbà tí pàkúté ré ni. Eku tí wọ́n ń yìn, 7 péré ló wà lọ́rùn tiẹ̀, bíi tiwa.

Tó bá tàsé ńkọ́? Ẹja ti tú ká nìyẹn, àfi kó sún síwájú, kó tún bẹ̀rẹ̀ ìdúró. Àwọn ọmọdé àkọ̀ a máa tàsé gan-an, ọ̀pọ̀ wọn kì í pé ọdún kan. Èwo ni ti ọ̀lẹ níbẹ̀?

Síbẹ̀, mi ò lè bá èkúté ilé jà. Bíi gíráàmù 20 ni, nígbà tí àkọ̀ tó kílò 1 sí 2. Ara kékeré kì í pẹ́ tutù, kò lè dúró. Ó ní láti máa jẹ díẹ̀díẹ̀ káàkiri lóru. Eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rin kì í ṣíwọ́ gígùn. Iwájú eyín le, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, bó ṣe ń fi wọ́n họ nǹkan ni wọ́n ń mú sí i. Bí ti òkè ò bá pàdé ti ìsàlẹ̀, wọ́n á gùn yọ lẹ́nu títí kò fi ní lè jẹun mọ́. Oyún rẹ̀ ń lò tó bí ọjọ́ 20, ó ń bí ọmọ 5 sí 8, ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn náà àwọn ọmọ náà ti lè máa bímọ. Ẹyin 3 sí 5 ni àkọ̀ ń yé ní tiẹ̀, takọtabo ń sàba lé e fún bí ọjọ́ 25, ọmọ tún ń lò tó ọjọ́ 50 nínú ìtẹ́. Bóyá ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn rí nǹkan kan. Àbí…

Kì í kúkú ṣe ẹja nìkan ni àkọ̀ ń pa. A máa dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí eku ń gbà kọjá, gẹ́lẹ́ bó ṣe ń dúró nínú omi. Tó bá mú un, nígbà mìíràn á tẹ̀ ẹ́ bọmi kó lè yọ̀ wọ ọ̀fun, á wá gbé e mì lódindi, orí ṣíwájú. Eegun á dà nínú ikùn. Irun ò ní dà. Á pọ̀ ọ́ jáde, ìdì kékeré aláwọ̀ eérú tó ti lẹ̀ pọ̀, á sì jábọ́ sábẹ́ ìtẹ́.