Okùn Tí Wọ́n Fi Dì Í

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ sọ́fítíwíà, ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe é kí n tó mọ ohun tí mo ń tà gan-an.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni mo wà nígbà náà. Ètò tí wọ́n fi ń kọ ínfọ́ìsì, ìyẹn ìwé iye owó tó yẹ kí wọ́n san, ránṣẹ́ sí oníbàárà nìkan la ń ṣe. Àwọn ètò ìṣirò ńlá máa ń ṣe oríṣi nǹkan bí ogún. A fa ẹyọ kan yọ níbẹ̀, a ṣe é títí ó fi ń dán. Àwọn èèyàn ń rà á, orí wa ń wú.

Lọ́jọ́ kan mo lọ bá akáwúńtáǹtì kan tó jẹ́ oníbàárà wa, kí n lè wo bó ṣe ń lò ó. Kò tíì ṣí i tó fi nawọ́ sí etí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bébà kéékèèké méje ló lẹ̀ mọ́ ọn, páásìwọ́ọ̀dù méje. Ó ní, "Tiyín ni ìkarùn-ún látòkè." Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín. Kò pé ọdún kan sígbà yẹn, àwọn tó ta ètò ìṣirò fún un fi ínfọ́ìsì kún tiwọn, wọn ò sì gbowó lé e. Tiwọn ò dáa tó tiwa. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí fóònù, lọ́jọ́ tó ń fi wá sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ kàwé. Ọ̀rọ̀ kí wọ́n di ọjà pọ̀ tà, tàbí kí wọ́n tú u tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1969 ni IBM, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, kéde pé àwọn á máa ta àwọn sọ́fítíwíà kan lọ́tọ̀, ẹ̀rọ lọ́tọ̀. Ṣáájú ìyẹn, inú owó ẹ̀rọ ló wà. Àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà nìkan ríbi fẹsẹ̀ lé. Nígbà tó di 1990, Microsoft kó Word, Excel àti PowerPoint pọ̀ sínú Office fún Windows, ni ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há fún àwọn tó ń ta ètò ìkọ̀wé nìkan.

Àwọn kan á ní ńṣe ló kàn ń lọ tó ń bọ̀ bíi jangirọ́fà. Mi ò gbà. Ẹ wo orin. Nígbà tí Apple ṣí iTunes Store, ibi tí wọ́n ti ń ta orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2003, sẹ́ǹtì 99 ni wọ́n ń ta orin kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí orin kan péré wù ò ní láti ra odindi àwo mọ́. Ní 2008, Spotify dé, níbi téèyàn ti ń gbọ́ ọ̀pọ̀ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún dì í. Ṣé ìdì àkọ́kọ́ náà ló padà wá? Rárá o. Àwo ló so orin mẹ́wàá pọ̀ nígbà kan, torí títẹ̀ ẹ́ àti gbígbé e kiri náni lówó. Owó oṣooṣù àti káàdì báńkì ló so ti ìkejì, àwọn tó dì í sì yàtọ̀ sáwọn tó ń tẹ àwo. Okùn ti yí padà.

Nígbà míì, òfin ló ń tú u. Microsoft fi Teams, ètò táwọn òṣìṣẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, sínú Office. Slack, tó ń ta irú ètò yẹn nìkan, gbẹ́jọ́ lọ bá Ìgbìmọ̀ Yúróòpù (European Commission) ní 2020. Ní 2023, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́tọ̀ níbẹ̀, ó sì di ti gbogbo ayé ní 2024. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó kan ti lọ kí wọ́n tó tú u, Slack alára sì ti di ti Salesforce, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńlá míì, láàárín kan.

Bí ẹnì kan bá ti wá sọ fún mi báyìí pé òun fẹ́ fa iṣẹ́ kan yọ nínú ètò ńlá, mo máa ń bi í pé: kí ni okùn tó so ó mọ́bẹ̀?

Okùn tiwa wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn. Akáwúńtáǹtì yẹn tẹ orúkọ oníbàárà kan sínú ètò wa, ó ṣí ètò ìṣirò, ó tún tẹ orúkọ yẹn kan náà síbẹ̀, tòun ti iye owó. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Mo ṣì ní ìwé tí mo kọ nǹkan sí lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo kọ ni pé àwọ̀ bọ́tìnnì wa wù ú.