Ọ̀rẹ́ àtijọ́ lórí ìtàgé
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi eré orí ìtàgé bọ̀ ni, ẹ̀rín ti jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ máa dùn mí! Bàbá kan lé lẹ́ni ọdún 50, ayé ti sú u, ni ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ bá ṣàdédé yọ sí i lálejò, ló bá da ilé rú. Ìyàwó ń bínú, bàbá ń kun ewú orí rẹ̀ dúdú.

Àfi ìgbà tí ọ̀rẹ́ yìí bi í pé, "Ìwọ tó máa ń kọrin nígbà yẹn dà?" Òṣèré náà ò fèsì, ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Kí ènìyàn mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ nínú eré apanilẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ńlá ni o. Bí ẹ bá ráyè, ẹ lọ wò ó.