Ìdí ìyá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú kíkọ ìtàn baba ńlá ọlọ́mọ púpọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ kọ ìtàn baba ńlá tó kó aya jọ sí abúlé, tó sì tọ́ ọmọ rẹpẹtẹ, ẹ má ti ọ̀dọ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò rí okìkí, ṣùgbọ́n ọmọ yóò bọ́ sọnù. Nínú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tirẹ̀, ìdáná tirẹ̀, àti ọjà tó ń ná kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Iṣu àti àgbàdo ni bàbá ń kó wá láti oko. Bí bàbá bá kú, ìdí-igi ni wọ́n sábà fi ń pín ogún: iye ìyàwó tó bímọ fún un ni iye ọ̀nà tí wọn yóò pín in sí, ì báà jẹ́ pé ọ̀kan bí méje, èkejì bí ẹyọ kan. Ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan ló ń rántí àwọn tirẹ̀ dáadáa, kò sì sí ojúlé tó rántí gbogbo ilé tán.

Ẹ ra ìwé ńlá kan, kí ẹ fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé méjì. Lókè, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀, ìlú àti ilé bàbá rẹ̀, ipò tó wà láàárín àwọn ìyàwó, àti bóyá ọmọge ni nígbà tó wọlé tàbí opó tí bàbá ṣú. Ọ̀rọ̀ opó yìí ṣe pàtàkì gan-an. Opó lè ti bí méjì fún ẹ̀gbọ́n bàbá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ kò bá béèrè, ọmọ ẹ̀gbọ́n ni ẹ ó kọ sílẹ̀ bí ọmọ àbúrò. Nísàlẹ̀, ẹ to àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe tẹ̀léra, àti èyí tó kú ní kékeré.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà ẹ má bi arúgbó pé mélòó ni ìyá wọn bí. Yóò kàn yí ọ̀rọ̀ padà ni. Ẹ bi í pé, “Ìyá, ta ló tẹ̀lé Bùọ̀dá Àjàyí?” Yóò máa tò wọ́n lọ fúnra rẹ̀. Òwúrọ̀ ló dára jù, wákàtí kan péré, kí ẹ dìde kó tó rẹ̀ wọ́n.

Ẹ tẹ́tí sí orúkọ, torí ẹ̀rí ni. Bí ẹ bá bá Ìdòwú láìrí ìbejì níwájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìbejì ti wá kí wọ́n sì ti lọ. Ẹ fi àyè méjì sílẹ̀, kí ẹ rọra béèrè. Àlàbá ló ń tẹ̀lé Ìdòwú. Málọmọ́, Dúrósinmí àti Kòsọ́kọ́ ń sọ pé ọmọ ti ń kú ṣáájú wọn. Babatúndé tí wọ́n bí láìpẹ́ sí ikú baba ńlá ń jẹ́ kí ẹ mọ ìgbà tí baba ńlá kú. Àkànní tàbí Àdùkẹ́ nìkan kò tó láti fi dá èèyàn mọ̀, nítorí wọ́n lè tó mẹ́rin nínú ilé kan náà.

Ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbójú fò ni orúkọ tí ìyàwó ń pe ọmọ ọkọ. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé. Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Ìdílẹ̀kẹ̀, Akọ̀wé: irú èyí ló ń fi pè wọ́n. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tó dé ló lè pe orúkọ mọ́ lórí. Tí ẹ bá rí ìyàwó ilé kan tó ti dàgbà, ẹ bi í bó ṣe ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì mọ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyí tí ọmọ kan fi ń ní orúkọ mẹ́ta nínú ìtàn, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ mẹ́ta.

Ní ti ọdún, ẹ so ìbí mọ́ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀: àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì ní 1886, ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, àjàkálẹ̀ àrùn 1918, ogun Hitler láàárín 1939 sí 1945, ọjọ́ tí òkùnkùn bo òòrùn lọ́sàn-án ní May 1947, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ní January 1955. Lẹ́yìn náà ẹ ṣírò. Láyé ìgbà náà, ìyá máa ń fún ọmọ lọ́mú fún bí ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó tún lóyún, nítorí náà ẹ fi ọdún mẹ́ta sáàárín ọmọ kan àti èkejì. Bí ọmọ kẹfà bá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní 1955 ní bí ọmọ ọdún mẹ́fà, 1949 ni wọ́n bí i. Àlàfo márùn-ún sẹ́yìn, àkọ́bí wá nítòsí 1934. Bí àlàfo kan bá tó ọdún mẹ́fà, ẹ béèrè ẹni tó wà láàárín. Ẹ má gbára lé ọjọ́ ìbí inú ìwé ilé ìwé ìgbà náà: ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá kan etí kejì ni wọ́n ń gbà, olùkọ́ á sì fojú díwọ̀n ọdún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún tó wà lára ibojì, nítorí ó lè jẹ́ pé ogójì ọdún lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe é.

Nínú oríkì, ẹ ya ti orílẹ̀, ìyẹn ti ìran, sọ́tọ̀ kúrò lára ti bàbá fúnra rẹ̀. Ọmọ Oníkòyí, ìran jagunjagun, lè ní ogun nínú oríkì láìtíì mú idà rí.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ bí bàbá ṣe bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Iye ebè tó ń kọ ni ẹ ó béèrè: igba, irinwó, títí dé ẹgbàá. Ẹ béèrè oko etílé, oko ẹgàn àti ibi tí ahéré wà. Kòkó àtijọ́ ń tó bí ọdún márùn-ún kó tó so, nítorí náà ẹ wádìí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń gbìn sáàárín rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ọkọ ọmọ ló ń kó ọ̀rẹ́ wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Bàbá tó bí ọmọbìnrin mẹ́wàá ní ọwọ́ púpọ̀ lóko, síbẹ̀ àwọn ọmọbìnrin yìí gan-an ni wọ́n ń yọ kúrò nínú ìwé, tí wọ́n ní wọ́n ti lọ ilé ọkọ. Ó dùn mí gidigidi. Ẹ kọ wọ́n, àti ìlú tí wọ́n lọ, àti ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ́ ìwọ̀fà, ẹni tí wọ́n rà, tàbí ọmọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ nípa rẹ̀ kò yẹ fún ìwé tí gbogbo ilé yóò kà. Ẹ fi í sí àpò ọ̀tọ̀ lọ́dọ̀ àgbà méjì.

Kí ẹ tó tẹ ìwé náà, ẹ kà á sókè níwájú gbogbo ojúlé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ojúlé tó kéré jù, nítorí ojúlé tó lówó ló sábà ń gba ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ fún ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan pẹ̀lú ojú ewé òfìfo mẹ́ta, kí wọ́n fi bíró kọ àtúnṣe wọn, kí ẹni tó kọ ọ́ sì fọwọ́ sí i.