Ohun tí egbò gìgísẹ̀ ọmọ mi kọ́ mi

Ọmọ ọdún 7 ni ọmọbìnrin mi nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú wáyà táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ẹ̀yìn mi ló jókòó sí. Sálúbàtà rẹ̀ ti jábọ́ lọ́nà, kò sì sọ fún mi. Kí ọlọ́kadà tó dúró, awọ ti bó kúrò lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, iṣan funfun ibẹ̀ ti yọ síta.

Ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wa, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n fọ egbò náà, wọ́n ní ká máa wá tún un dì ní ọjọ́ méjì-méjì. Ọ̀sẹ̀ 5 la fi ń lọ tá à ń bọ̀. Etí egbò ń pọ́n, ó ń kún, inú mi ń dùn. Àárín rẹ̀ ni kò kún. Iṣan yẹn ń gbẹ, ó ń dúdú. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, mo sì ṣe sùúrù. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn la ti wá rí dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń bo irú egbò yìí. Ó ní, "Màmá, bí a bá bu awọ lé egbò, ẹ̀jẹ̀ ibi tí a bù ú lé ni yóò máa mu. Lórí iṣan tó gbẹ báyìí, kò ní rí nǹkan mu, yóò kú." Ẹran tó ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló yẹ ibẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gé èyí tó ti kú lára iṣan náà. Wọ́n wá gé awọ àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ojúgun, wọ́n fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ lókè ọrùn-ẹsẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ inú rẹ̀, wọ́n sì yí i wálẹ̀ bo gìgísẹ̀. Mo bẹ̀rù pé ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò. Dókítà náà ní láti 1992 ni Masquelet, dókítà ará Faransé, ti kọ̀wé nípa irú iṣẹ́ abẹ yìí.

Awọ itan ni wọ́n fi dí ibi tí wọ́n ti gé ẹran. Itan yẹn ló dun ọmọ mi ju gìgísẹ̀ lọ! Ẹ tètè sọ ọ́ fún ọmọ yín kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun tẹ gbòǹgbò ẹran náà. Ikùn ni ọmọ mi fi ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Lóru ọjọ́ kejì, mo rí i pé orí ẹran náà ń dúdú bí aró. Mo pariwo pe nọ́ọ̀sì. Báńdéèjì ló fún jù. Bí wọ́n ṣe tú u ni àwọ̀ rẹ̀ ń padà bọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí iṣan tàbí egungun nínú egbò ẹsẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ béèrè dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn egungun Igbóbì l'Ékòó náà.

Ó ń rìn báyìí, ó ń sáré. Àmọ́ gìgísẹ̀ yẹn kì í tètè mọ ìrora, nítorí náà ní alaalẹ́ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo sì ń gbọn òkúta inú bàtà rẹ̀ dànù.