Ohun Tí Kò Gbọdọ̀ Wọ Kàlẹ́ńdà Ilé-Ìwé

Èmi ni ètò iṣẹ́ àwọn olùkọ́ wà lọ́wọ́ mi nílé-ìwé wa. Kò sẹ́ni tí kò lè kọ nǹkan sórí kàlẹ́ńdà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ mọ ohun tí ẹ ò ní jẹ́ kó débẹ̀, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan kọ́kọ́ fẹ́ ká kó gbogbo tàìmù-tébù sí i: ìṣirò aago mẹ́jọ, bàọ́lọ́jì aago mẹ́sàn-án, kíláàsì kan tẹ̀lé òmíràn. Mo ní rárá o. Tàìmù-tébù wà lára ògiri, kálukú sì ti mọ tirẹ̀ lórí. Tí ẹ bá kó o dà sórí fóònù, ojú rẹ̀ á kún bámúbámú, ẹ ò sì ní rí ohun tó yàtọ̀ lọ́jọ́ náà mọ́. Ohun tó bá máa yí ètò padà nìkan là ń kọ: ìdánwò tó gba gbọ̀ngàn, ìpàdé àwọn òbí, olùkọ́ tí kò ní wá. Ti olùkọ́ yẹn, a kì í kọ ìdí tí kò fi wá. Àìsàn ni o, ẹjọ́ ni o, kò kan gbogbo ilé.

Google Calendar tí à ń lò ní ìpele àṣẹ: ẹlòmíì á kàn rí i pé ọwọ́ yín dí, ẹlòmíì á rí àlàyé, ẹlòmíì á lè yí nǹkan padà. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo olùkọ́ ló ń rí i, àmọ́ èmi, akọ̀wé àti ẹni tó ń bójú tó ìdánwò nìkan la lè kọ ọ́. Inú olórí ẹ̀ka kan ò dùn sí i. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ ò fọkàn tán wa ni?” Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Kàlẹ́ńdà yìí ni mi ò fọkàn tán.” Òótọ́ ni. Tí ẹni méjì bá kọ gbọ̀ngàn sí aago mẹ́wàá, kàlẹ́ńdà ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, ńṣe ló máa tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àfi tí ẹ bá ti ṣètò gbọ̀ngàn náà bíi yàrá tó ń dá ìkésíni lóhùn fúnra rẹ̀, tó máa kọ ti ẹni kejì tí ẹlòmíì bá ti gbà á.

Ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tún ńkọ́? Tí ẹ bá fẹ́ pa ẹyọ kan rẹ́, á bi yín bóyá èyí nìkan ni, tàbí èyí àtàwọn tó tẹ̀lé e, tàbí gbogbo wọn. Ẹnì kan láàárín wa kánjú tẹ “gbogbo wọn”, làwọn ìpàdé sáà náà bá pòórá. Ọpẹ́lọpẹ́ ibi tó ń kó ohun tí a bá pa rẹ́ sí, tó ń tọ́jú wọn fún bí 30 ọjọ́, ibẹ̀ la ti kó wọn padà.

Ẹ tún kíyè sí àwọn tó ń fi líǹkì fa kàlẹ́ńdà náà sínú áàpù míì. Àyípadà lè pẹ́ fún wákàtí púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Torí náà, tí nǹkan bá yí padà lọ́sàn-án tó jẹ́ ti ọ̀la, mo máa ń pe ẹni tọ́rọ̀ kàn lórí fóònù. Wọ́n á ní àwọn ti rí i. Mo ṣì ń pè.