Pẹ́dà bíréèkì jíìpù àtijọ́: ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀pá rẹ̀

Jíìpù tó ti lo ogún ọdún sókè, ì báà jẹ́ Land Cruiser, Hilux, Patrol tàbí Pajero, pẹ́dà bíréèkì rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Lójú ọ̀nà títẹ́jú, èèyàn lè má kà á sí. Ọjọ́ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ sí ìhà Ẹ̀rìnmọ̀ ni yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ kí bíréèkì tó mú. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń ṣe ni pé wọ́n á ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á yí ọ̀pá tó so pẹ́dà mọ́ búsítà (ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára ẹsẹ̀ lórí bíréèkì), pẹ́dà á ga, wọ́n á gbowó. Kò ní pẹ́ tí bíréèkì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í di táyà mú láìsí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀.

Gíga pẹ́dà ni ibi tó dúró sí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí rẹ̀. Ibi tí bíréèkì ti ń mú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ọ̀pá ń tún àkọ́kọ́ ṣe. Kò lè tún èkejì ṣe.

Torí náà, ẹsẹ̀ ni ká kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá lọ sílẹ̀ jìnnà, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá wá ga, tó sì le, ṣúù ẹ̀yìn (èyí tó ń ha ara bíréèkì kí táyà lè dúró) ló ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn agolo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà. Bó bá ga ṣùgbọ́n tó ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi fóòmù, atẹ́gùn ti wọ páìpù. Bó bá le lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ tí ẹ fẹsẹ̀ dì í mọ́lẹ̀ tó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, tí ọ́ìlì kò sì jò síta níbì kankan, rọ́bà inú mástà, ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà, ti jẹ. Kò sí èyí tí yíyí ọ̀pá lè wò sàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣúù ẹ̀yìn ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ fi òkúta há táyà iwájú, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, ihò kan wà tí wọ́n fi rọ́bà dí. Ẹ yọ rọ́bà náà, ẹ ki sukurúdíráfà bọ̀ ọ́, ẹ máa fi yí kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré tó wà nínú rẹ̀ títí táyà kò fi ní ṣeé fọwọ́ yí mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà ní eyín mélòó kan, kó lè máa yí, kó sì kàn máa ha dúrọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ óò nílò sukurúdíráfà kejì láti fi ti irin pẹlẹbẹ tó ń dí eyín náà kúrò lọ́nà nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò jẹ eyín rẹ̀ run.

Lára ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́, bíréèkì ọwọ́ gan-an ló ń sún ṣúù náà mọ́ dúrọ́ọ̀mù bó ṣe ń jẹ. Awakọ̀ tí kì í fà á, tó jẹ́ pé gíà ló fi ń páàkì, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ pẹ́dà kalẹ̀. Ẹrẹ̀ ọ̀nà oko sì máa ń jẹ́ kí irin ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù tí bíréèkì ọwọ́ ń fà dípẹtà, tí kò ní lè rìn mọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gíríìsì sí i.

Tí gbogbo èyí bá ti tọ́, tí pẹ́dà ṣì rẹlẹ̀, ìgbà yẹn ni ọ̀pá kàn. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà ẹsẹ̀ kúrò, nítorí láti orí irin ilẹ̀ ọkọ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n dé ojú pẹ́dà. Iye mìlímítà rẹ̀ yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀. Ìwé ọkọ̀ yín ni kẹ́ ẹ wò. Bí kò bá sí ìwé, ẹ wo pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì: nínú ọ̀pọ̀ jíìpù onígíà ọwọ́, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Súìṣì iná bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, kì í ṣe ọ̀pá. Sípánà 14 ló sábà máa ń bá nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu. Ẹ fà á sẹ́yìn títí kò fi ní kan apá pẹ́dà mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé súìṣì yẹn ló dá pẹ́dà dúró lókè. Tí ẹ bá fi í síbẹ̀, tí ẹ wá ń fa ọ̀pá gùn, pẹ́dà kò ní ibi tí yóò gbà gòkè, búsítà ni ọ̀pá á máa tì. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá, èyí tó sábà máa ń gba 12. Ẹ yí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún yí i. Bó bá ti tó, ẹ dè é, kí ẹ tó dá súìṣì padà kó kàn fara kan pẹ́dà fẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ máa fojú sí páàdì rọ́bà tíńtín tó wà lára apá pẹ́dà, níbi tí súìṣì ń tì. Bó bá ti gbó, ó máa ń fọ́ túútúú, orí súìṣì á wọ inú ihò rẹ̀, iná ẹ̀yìn á tàn mọ́jú, bátìrì á kú. Réwáyà á tú gbogbo wáyà ọkọ̀ kiri, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rúnrún rọ́bà ló wà lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ pẹ́dà léraléra títí yóò fi le. Ẹ fi ìka méjì tì í: ó yẹ kó rìn lófo díẹ̀ kó tó kan ohun líle. Ti Toyota sábà máa ń jẹ́ 3 sí 6 mìlímítà. Bí kò bá rìn rárá, ọ̀pá ti gùn jù. Ihò kékeré kan wà nínú mástà tí ọ́ìlì ń gbà padà sínú agolo rẹ̀. Bí pístìnì kò bá padà sẹ́yìn tán, ó ti dí ihò náà. Ọ́ìlì tó gbóná á wú, kò ní rọ́nà lọ, á máa ti ṣúù àti páàdì, ìyẹn á tún mú un gbóná sí i.

Bí táyà bá ti há báyìí, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì tó so mástà mọ́ búsítà díẹ̀. Bí táyà bá tú, ọ̀pá ni tàbí súìṣì. Bí kò bá tú, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń yọ atẹ́gùn ní táyà náà. Bó bá wá tú, rọ́bà gígùn tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí bíréèkì ibẹ̀ ló ti wú nínú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún mi pẹ́dà sí ọ̀tún àti òsì. Bí pínnì tó so ó mọ́ ọ̀pá bá ti jẹ, tí ihò rẹ̀ ti di bí ẹyin, pínnì tuntun ló kù. Ìṣó tí wọ́n tẹ̀ ní ìkọ́ dípò sípílítì pínnì kì í ṣe àtúnṣe.

Ọ́ìlì ńkọ́? DOT 3 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tó jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Bó bá ti fa omi mọ́ra, 140 péré ti tó láti mú un hó. Pẹ́dà tó dára láàárọ̀, tó wá lọ sílẹ̀ pátápátá ní ìsàlẹ̀ òkè, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọ́ìlì tó ti gbó nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ sì máa fi gíà kékeré sọ̀ kalẹ̀.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ wa ọkọ̀ náà bíi kìlómítà 5 lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ má tẹ bíréèkì púpọ̀. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má tíì dì í mú. Bí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn yòókù, ṣúù tàbí rọ́bà ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ gbóná, ẹ padà sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.